OWÓ KỌ́Ọ̀TÙ KÌ Í ṢE OWÓ GÓMÌNÀ

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ni mo gbé wá. Ẹni tí kò ní ẹjọ́ lè ní kò kan òun. Bí ẹnì kan bá já wọ ilẹ̀ bàbá yín lọ́la ńkọ́?

Àbújá ló ń san owó oṣù adájọ́ Háì Kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n ti májísíréètì, ti akọ̀wé àti akódà, owó bébà, epo jẹnẹrétọ̀, òrùlé tó ń jò, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí owó náà kò bá wá, ọgbọ́n ni kọ́ọ̀tù ń dá. Adájọ́ á máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí wí, nínú ooru. Iná lọ, wọ́n sún ẹjọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Akódà tí yóò mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ kò rówó ọkọ̀, ẹni tó pẹjọ́ ni yóò wá a. Olówó á san. Ìyá aláta ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ òfin ti sọ tirẹ̀. Ìwé òfin 1999, abala 121, ní kí wọ́n san owó kọ́ọ̀tù tààrà fún àwọn olórí kọ́ọ̀tù. Wọn ò ṣe é. Ní April 6, 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó lé lóṣù méjì tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọlọ́pàá mú ò rí adájọ́ tí yóò gba béèlì wọn.

Ààrẹ Buhari ti pàṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2020. Àwọn ìpínlẹ̀ pẹjọ́, Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jù Lọ sì fagi lé àṣẹ náà ní 2022, pé ó kọjá agbára ààrẹ. Mi ò ní purọ́ fún yín: kì í ṣe gómìnà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àṣẹ ààrẹ ni wọ́n pa rẹ́ o! Abala 121 ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n: èló lẹ kọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀tù lọ́dún tó kọjá, èló ló dé ọwọ́ Adájọ́ Àgbà? Tiwa rèé: lóṣooṣù la ó máa san án, a ó sì lẹ iye rẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo kọ́ọ̀tù, kí ẹ̀yin fúnra yín kà á.