Ìwé Ìléwọ́ Ni Àrokò Òde Òní
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ̀ṣe ní Kétu, Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́)

   

Nígbàkigbà tí ìbò bá ń bọ̀, àwọn olóṣèlú a máa wá ẹni tí yóò bá wọn pín ìwé ìléwọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọjọ́ kan, ní ọjà Máìlì 12, mo na ìwé kan sí ìyá aláta. Ó wò mí lójú, ó ní: "Ọmọ mi, n ò mọ̀wé. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Mo ti ń pín in láti òwúrọ̀, n kò tíì kà á.

Àwọn baba wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrokò jẹ́ ìwé wa, ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ ni a fi ń dáhùn pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tó dojú kọ ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Ìránṣẹ́ tó bá yí ẹyọ padà lójú ọ̀nà ti ba ìlú méjì jẹ́.

Ìwé ìléwọ́ kì í ṣe ohun burúkú. Ní 1993, nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Okúdù, ìwé ìléwọ́ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ Campaign for Democracy fi pe ará Èkó jáde ní oṣù Agẹmọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó lè jí ìlú náà lè dá ìlú rú. Ẹ rántí oṣù Ẹrẹ́nà 2016, tí Yorùbá àti Haúsá kọlu ara wọn ní Máìlì 12. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ti ọjà pa. Aládùúgbò ẹni ni a ń bá nájà lọ́la.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, bí ìbò gómìnà ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ tàn ká Èkó pé Orò yóò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìhàlẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ṣé ọwọ́ wa ni a ó fi ba iyì tuntun yìí jẹ́? Orò ń wẹ ìlú mọ́ ni. Kì í ṣe ajá ọdẹ olóṣèlú.

Òfin Ìdìbò 2022, abala 92, pàápàá ti kà á léèwọ̀ nígbà náà láti fi èébú tó lè dá ọgbẹ́ sí ọkàn ẹlẹ́sìn tàbí ẹ̀yà kankan polongo. Kò fàyè gba ìpolongo ní ilé ìjọsìn. Ojúbọ wa náà, ilé ìjọsìn ni. Ó sì dárúkọ egúngún: ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kankan kò gbọdọ̀ lò ó.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé tán kí ẹ tó gbà á. Ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè tí onílé gbọ́, ìbáà ṣe ní Ìkòsì, ìbáà ṣe ní Agbóyì tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Bí ó bá bú ẹ̀yà kan, tàbí tí ó fi òrìṣà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ẹ dá a padà pẹ̀lú owó rẹ̀.

Ní ìparí, àrokò a máa ní èsì. Bí ìyá aláta bá béèrè nípa gọ́tà ọjà, ẹ gbé ìbéèrè rẹ̀ padà fún ẹni tó rán yín, kí ẹ sì mú ìdáhùn wá. Olùdíje tí kò bá fẹ́ gbọ́ èsì, kò yẹ kí a jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Èṣù Ọ̀dàrà má ṣe jẹ́ kí a ṣi iṣẹ́ jẹ́. Àṣẹ.