Ìdáhùn tí Ó Ṣáájú Ìbéèrè: Àgbéyẹ̀wò Fáìlì tí a Fi ń Fi Linux sórí Ọ̀pọ̀ Kọ̀ǹpútà

 

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í fi Linux sórí kọ̀ǹpútà. N kò sọ ara mi di ẹlẹ́rọ. Ohun tí ó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ náà, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, iṣẹ́ ìwé kíkọ ni. Ẹnì kan jókòó lónìí, ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òǹkàwé kan tí yóò kà á lọ́la, nígbà tí òǹkọ̀wé kò ní sí nítòsí. Òǹkàwé náà kì í béèrè ìtumọ̀, kì í ṣiyè méjì, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bá ti kà ni yóò ṣe. Mo rò pé ìwé tí ó ní irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ tó ohun tí àwa tí a ń fi ìwé kíkà jẹun lè dá sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mò ń sọ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Òun ni ètò ìpìlẹ̀ tí í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ni ó sì láṣẹ láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò, àti láti tún un ṣe. Oríṣiríṣi àwọn ènìyàn ni wọ́n ti kó o pọ̀ mọ́ àwọn ètò mìíràn kí ó lè wúlò: Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993, Ubuntu dé ní 2004, Red Hat wà ní Amẹ́ríkà, SUSE sì jẹ́ ti Jámánì. Èyí tí ó wù kí a mú nínú wọn, kí ó tó wọ orí kọ̀ǹpútà, yóò bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Èdè wo ni ẹ fẹ́? Irú kíbọ́ọ̀dù wo ni ẹ ń lò? Aago ìlú wo ni kí n tẹ̀lé? Kí ni orúkọ kọ̀ǹpútà yìí? Báwo ni kí n ti pín dísíìkì? Ta ni yóò máa lò ó, kí sì ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀?

Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ẹyọ kan, ìbéèrè wọ̀nyí kò ni ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ogún kọ̀ǹpútà nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó rẹ ọwọ́ nígbà tí ó bá fi máa kan ìkeje. Ní ìkejìlá, a ti gbàgbé ohun tí a dáhùn ní ìkẹta. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, ogún kọ̀ǹpútà náà ti di ogún ọmọ tí kò jọ ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú àléébù tirẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tí a lè ṣí láti mọ ohun tí a ṣe sí èyíkéyìí nínú wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́rọ fi dá ohun tí mo pè ní fáìlì ìdáhùn. A kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú, a fi í sí ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti rí i, yálà lórí nẹ́tíwọ̀kì tàbí lórí ohun tí a kì bọ inú rẹ̀, a sì tan kọ̀ǹpútà náà. Àwọn ará Sun ti ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JumpStart fún Solaris, tí í ṣe ètò tiwọn, nínú àwọn ọdún 1990. Kickstart ni Red Hat pe tirẹ̀, Debian pè é ní preseed, SUSE pè é ní AutoYaST. Láti 2020 ni Ubuntu ti gbé èyí tí ó ń jẹ́ autoinstall jáde fún àwọn sáfà. Ìrísí wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kò ṣòro láti ní àkọ́kọ́ nínú wọn. Bí a bá ti fi ọwọ́ fi Red Hat sórí kọ̀ǹpútà kan tán, a óò bá fáìlì kan tí ó ń jẹ́ anaconda-ks.cfg nínú ilé alábòójútó kọ̀ǹpútà náà, gbogbo ohun tí a dáhùn ni ó ti kọ sínú rẹ̀. Debian pàápàá lè sọ ìdáhùn tirẹ̀ padà fún wa bí a bá béèrè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe Debian fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ti wà, pé ó sàn kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kan kò tíì di ìwé tí a lè fi tọ́ òmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó wúlò lẹ́ẹ̀kan sí i gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kí ó yọ èyí tí ó jẹ́ ti ọjọ́ náà nìkan kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á wá ka gbólóhùn kan ṣoṣo nínú fáìlì Debian, kí á fi ojú tí a fi ń ka ewì kà á:

d-i partman/confirm boolean true

Apá mẹ́rin ni gbólóhùn yìí ní. Èkínní dárúkọ ẹni tí ó ni ìbéèrè, èyí ni ètò tí ń fi Debian sórí kọ̀ǹpútà. Èkejì ni orúkọ ìbéèrè. Ẹ̀kẹta sọ irú ìdáhùn tí ìbéèrè náà gbà, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìdáhùn fúnra rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a kò rí níbẹ̀ rárá ni ìbéèrè gan-an. Ẹni tí ó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà ni í rí i. Kọ̀ǹpútà yóò ti fi hàn án bí dísíìkì yóò ti rí, yóò sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí ó wà lórí àwọn ibi tí òun fẹ́ tún ṣe yóò parẹ́, kí ó tó wá bi í pé ṣé kí òun máa bá a lọ. Nínú fáìlì, orúkọ nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Ìkìlọ̀ ti pòórá, àyè láti fa ọwọ́ sẹ́yìn ti pòórá. Kickstart tilẹ̀ ké e kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: clearpart --all, ọ̀rọ̀ méjì péré, ó sì tó láti nu gbogbo ìpín orí gbogbo dísíìkì tí kọ̀ǹpútà náà bá ní.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní yàrá kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní kọ̀ǹpútà méjìdínlógún. Èmi ni mo ń kánjú, tí mo ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wa ṣe é mú fáìlì ìdáhùn tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní nǹkan kan lórí. Ó tan kọ̀ǹpútà wa, gbogbo wọn kà á, gbogbo wọn ṣe ohun tí ó wí. Ọ̀kan nínú wọn ni a kó ohùn ìjálá àti ẹkún ìyàwó sí, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ìdajì rẹ̀ kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Méjì nínú àwọn ọ̀ṣèré tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè, a kò lè padà lọ bá wọn. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú fáìlì náà. Kò sí àṣìkọ kan nínú rẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà fún ilé ẹlòmíràn ni wọ́n kà ní ilé wa.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀nà tí a lè gbà kọ fáìlì kan tí a óò máa lò ní ibi púpọ̀ láì jẹ́ pé ó ń dáhùn ohun tí kò mọ̀. Jámánì ni mo ti rí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ní 1999, Thomas Lange ní Yunifásítì Cologne bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ń jẹ́ FAI, tí í fi Debian sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láìsí ọwọ́ ènìyàn. Ẹwà rẹ̀ ni pé kò béèrè fáìlì kan fún kọ̀ǹpútà kan. Ó pín kọ̀ǹpútà sí ẹgbẹ́. Gbogbo wọn wà nínú ẹgbẹ́ DEFAULT, ìyẹn ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tí a yàn fún un yóò tẹ̀lé, gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀, tàbí iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe. Orúkọ kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ kan tí òun nìkan wà nínú rẹ̀, LAST ni ó sì gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Àwa tí a mọ oríkì kò lè ṣàì rántí nǹkan níbí. Akígbe tí ó bá ń ki ọmọ Oníkòyí kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀ fún un. Oríkì orílẹ̀ wà nílẹ̀, gbogbo ọmọ ìdílé náà ni ó pín nínú rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni yóò gbé oríkì bàbá rẹ̀ lé, kí ó tó wá kan àwọn ìnagijẹ tí ó jẹ́ ti ẹni náà nìkan. FAI ní irú ètò yìí, ó sì tún fi ìyàtọ̀ kan kún un tí mo gbádùn. Ní ti àkójọ ètò tí a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní, ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá mú wá ni a ó kó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ méjì bá ní ẹ̀dà fáìlì kan náà tí a fẹ́ dà sórí kọ̀ǹpútà, ti ẹgbẹ́ tí ó gbẹ̀yìn ni ó borí. Ibi tí àfiwé mi ti já ni pé akígbe ń wo ojú ẹni tí ó ń kì. Bí ó bá ṣi ìdílé kì, ojú yóò sọ fún un.

A ti lo FAI fún iṣẹ́ ńlá. Ìlú Munich lò ó nínú LiMux, iṣẹ́ tí ìjọba ìlú náà fi gbé kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí 15,000 lọ sórí Linux. Ní 2017, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé kí a padà sí Windows. Àríyànjiyàn lórí ìpinnu yẹn pọ̀, kì í sì í ṣe tiwa lónìí.

Ohun tí ó kan wa gbọ̀ngbọ̀n ni ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ fúnra wa, tí a sì pè ní YORUBA. Ọ̀pọ̀ yín ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ àpilẹ̀kọ lórí èdè wa láìsí àmì ohùn, láìsí ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ, tí ó sì ní kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Linux mọ kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tí ó ní ẹ̀yà Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni Haúsá àti Ígbò náà ní tiwọn. Ìlànà èdè tí ó ń jẹ́ yo_NG sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi í sórí kọ̀ǹpútà ni ó dáhùn pé kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni, nítorí pé ìdáhùn yẹn ni ó bá nílẹ̀. Bí fáìlì bá wá gba ìdáhùn náà sínú, ogún kọ̀ǹpútà yóò di aláìgbọ́ Yorùbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nínú ẹgbẹ́ YORUBA wa, ìlà méjì péré ni ó ṣe pàtàkì nínú fáìlì kíbọ́ọ̀dù: XKBLAYOUT="ng" àti XKBVARIANT="yoruba". Ibi tí a fi í sí ni files/etc/default/keyboard/YORUBA, nítorí pé ní FAI orúkọ ẹgbẹ́ ni orúkọ fáìlì. A fi ètò lẹ́tà bíi Gentium kún àkójọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé kò sí ààmì ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode. Lẹ́tà kan àti àmì ohùn tí a gbé lé e ni, àwọn ètò lẹ́tà mìíràn a sì máa gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ. Ẹ̀ka Haúsá lè mú gbogbo iṣẹ́ wa yòókù, kí wọ́n yọ YORUBA, kí wọ́n fi tiwọn sí i.

Nǹkan méjì kù. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì bí a ti ń pè é lẹ́nu, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá dé orí nẹ́tíwọ̀kì náà lè kà á. Àwọn ètò wọ̀nyí gba èyí tí a ti sọ di àdììtú, òun ni kí a kọ síbẹ̀. Èkejì ni pé orúkọ ìbéèrè a máa yí padà láti ẹ̀dà Debian kan dé òmíràn. Ìdáhùn tí ìbéèrè rẹ̀ ti pa orúkọ dà kò ní í pariwo, yóò kàn wà níbẹ̀ bí ẹni tí ń retí àlejò tí ó ti kọjá lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, a kọ́kọ́ ń dán fáìlì wa wò lórí kọ̀ǹpútà àdàmọ̀, èyí tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní ohunkóhun láti pàdánù.

Ní ti dísíìkì, kọ̀ǹpútà tí a kò bá mọ̀ rí, sysinfo ni a kọ́kọ́ ń ní kí FAI ṣe fún un, kí ó sọ ohun tí ó rí fún wa láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà tí ohùn àwọn akéwì tí ó kù wà lórí rẹ̀ kò sí lábẹ́ FAI rárá. Preseed ni a kọ fún un: èdè, kíbọ́ọ̀dù, aago, orúkọ, gbogbo rẹ̀ ni a ti dáhùn. A yọ ìlà tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀, yóò dúró, yóò gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ sí ojú rẹ̀, yóò sì máa retí kí ẹnì kan wọlé wá dá a lóhùn.