Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Kabba)

 

Kọ̀ǹpútà ti wọ iṣẹ́ wa. Òun ló ń ka àpò sìmẹ́ńtì, òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń kọ ìgbà tí a wọlé àti ìgbà tí a jáde. Bí ètò inú rẹ̀ bá díjú, tí òṣìṣẹ́ sì ṣi ibì kan tẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gé. Ẹni tó ṣe ètò náà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a sọ̀rọ̀? Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé. Télọ̀ kì í gé aṣọ kí ó tó wọn ara oníbàárà. Kí wọ́n tó kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ya á sórí ìwé: ohun tí ẹ̀rọ yóò béèrè, ohun tí òṣìṣẹ́ yóò tẹ̀, ohun tí yóò tẹ̀lé e. Nígbà náà, írésà lásán tó fún àtúnṣe. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn yóò ní owó ti tán.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibòmíràn ti ṣe é. Ní Nọ́wè, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin bá Kristen Nygaard, ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 1975, àdéhùn fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dá sí i. Láti 1981 sí 1985, àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Swídìn àti Dẹ́nmáàkì ṣe iṣẹ́ tí a pè ní UTOPIA. Wọn kò dúró de ẹ̀rọ. Páálí àti ìwé ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Àpótí páálí lásán dúró fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òṣìṣẹ́ jókòó tì í, ó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ ti pé. Ibi tí kò bá bá a lọ́wọ́ mu, wọ́n á tún un ṣe.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí wọ́n fi àwòrán ètò han ẹ̀ka wa kí wọ́n tó sanwó rẹ̀. Èkejì, kí awakọ̀, kọ̀ndọ́ àti ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ dán an wò lórí ìwé, lákòókò iṣẹ́ tí a ń gbowó lé. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ jẹ́ èyí tí gbogbo wa lè kà. Bí èèyàn mẹ́ta bá kọsẹ̀ níbì kan náà, ètò ló ní àbùkù, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Bí ìrókò bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ̀rọ̀, kí a sì fi ohùn kan sọ ọ́. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!