Ẹ̀kọ́ Wíwò Lójú Ọpọ́n Ifá





Bí ọdún Ifá bá dé, ohun tí ojú ń rí kì í kéré: aṣọ funfun, ìdè ọwọ́ àwọn awo, agere, ìrọ́kẹ́ àti ọpọ́n. Ojú púpọ̀ ni yóò wò wọ́n, fóònù púpọ̀ ni yóò yà wọ́n. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Òwe náà kò bú àlejò. Ó ń rán gbogbo ènìyàn, onílé pẹ̀lú, létí pé ojú ń fẹ́ ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ àti ahọ́n ti ń fẹ́ ẹ.

Nílé awo, ìdí ọpọ́n ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lé olúwo lọ́wọ́ yóò jókòó, yóò máa wò. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ baba. Bí baba bá gbá ikin tí ọ̀kan ṣẹ́kù, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan ni. Ẹni tí ó bá fi ojú òde nìkan wò yóò rò pé baba ṣìṣe. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ohun tí ó hàn lọ́wọ́ lè yàtọ̀ sí ohun tí ó ń wí.

Lẹ́yìn èyí ni ojú yóò kọ́ láti mọ odù kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìwòrì ní ìlà méjì lókè, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì nísàlẹ̀. Òdí ní ọ̀kan lókè, méjì, méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ohun tí ó wà níta lára ti ìkínní ni ó wà nínú lára ti èkejì. Ojú tí ó bá kánjú yóò pe Ìwòrì ní Òdí. Odù mìíràn á mú ẹsẹ mìíràn wá, ẹsẹ mìíràn á mú ẹbọ mìíràn wá, ẹni tí ó gbé ìṣòro rẹ̀ wá á sì ru ẹbọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, ọwọ́ baba á nu ìlà wọ̀nyí rẹ́. Ohun tí ọmọ awo kò bá rí lásìkò náà ti lọ. Ìdí nìyí tí ojú àti ìrántí fi ń rìn pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" sí à-wò-rántí: ohun tí à ń wò láti fi rántí.

Ọpọ́n pẹ̀lú ń wo ẹni tí ó ń wò ó. Ní etí rẹ̀ lókè, níbi tí a ń pè ní ojú ọpọ́n, ni agbẹ́gilére ń gbẹ́ ojú Èṣù sí, babaláwo á sì gbé e kọjú sí ara rẹ̀. Èṣù, tí ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ni ẹlẹ́rìí ohun tí awo bá rí àti ohun tí ó bá sọ.

Ní ìlú Ulm, ní ilẹ̀ Jámánì, ọpọ́n Ifá kan wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí wọ́n gbé láti Alada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ó wà nínú ìwé àkójọ ohun-ìní Christoph Weickmann tí ó jáde ní 1659. Ó ti lé ní 360 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń wò ó. Àwọn onímọ̀ ti yẹ àwọn ènìyàn àti ẹranko ara rẹ̀ wò, iṣẹ́ tí ó ní iyì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ̀rosùn lórí rẹ̀, kò sí ọwọ́ tí ń tẹ ìlà. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí igi àti ọnà. Kí ó tó lè rí ọpọ́n, ó gbọ́dọ̀ fi ojú inú rí babaláwo tí ó jókòó tì í àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ní òdìkejì.

Ohun tí ó burú ni kí ojú onílé náà dà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ń fi ìtìjú gbé ojú kúrò lára ọpọ́n baba wọn. Àwọn mìíràn ń tà á bí igi lásán. Ẹni tí kò wo nǹkan dáadáa rí kò lè mọ̀ nígbà tí ó bá sọnù.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, kí àlejò jẹ́ kí ojú rẹ̀ dé ìdí ọpọ́n kí fóònù rẹ̀ tó dé ibẹ̀, kí ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Kí olùwádìí béèrè orúkọ agbẹ́gilére àti ìdílé tí ó ni ọpọ́n kí ó tó wọn gígùn rẹ̀. Kí ọmọ awo má ṣe gbé iṣẹ́ ojú rẹ̀ fún fóònù. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i: ìjókòó ni àgbà fi rí i, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan.

Kí Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, la ojú inú gbogbo ẹni tí ó péjọ. Ọdún á yabo.

Àbọrú, àbọyè.