Ogun Ukraine àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Wá Iṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀)

  

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní ká bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ogun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ló bí i. Ẹ má ṣe rò pé ogun Ukraine jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Fóònù tí ọmọ yín ń tẹ̀ níwájú ilé ló ń gbé ogun náà wọlé. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti mú ìwé wá bá wa pé ká bá àwọn kà á. Iṣẹ́ awakọ̀ ni wọ́n kọ sínú ọ̀kan, iṣẹ́ alásè sínú èkejì, iṣẹ́ ọdẹ sínú ẹ̀kẹta, dọ́là sì ni wọ́n fi ka owó gbogbo wọn. Ajẹ́ńtì tó fún wọn kò kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó, tí a wádìí, tí a sì kó ohun tí a rí wá síwájú yín.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022 ni Rọ́ṣíà kó ogun wọ Ukraine. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, Ààrẹ Volodymyr Zelensky kéde pé àwọn yóò dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ fún àwọn àjèjì tó bá fẹ́ wá bá àwọn jà. Ìpè náà dé ọ̀dọ̀ wa kíákíá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣojú Ukraine ní Àbújá, wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e pé wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ mú 1,000 dọ́là wá fún físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí ìjọba wa bi ilé aṣojú náà, wọ́n dáhùn pé lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn wá, ṣùgbọ́n àwọn kò gbà wọ́n, àwọn kò sì béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba wá sọ ọ́ gbangba pé òun kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni máa kó ọmọ Nàìjíríà lọ jagun fún owó.

Ní Dakar, ní ilẹ̀ Senegal, orí Facebook ni ilé aṣojú Ukraine kọ ìpè náà sí. Wọ́n ní ènìyàn 36 ti fi orúkọ sílẹ̀ kí ìjọba Senegal tó pe aṣojú náà, tí wọ́n sì ní kó yọ ọ́ kúrò, nítorí òfin ilẹ̀ wọn kò gbà kí a máa gba ọmọ ogun fún orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó yẹn díẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ni wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, nǹkan bí 415 náírà ni ìjọba ń ta dọ́là kan. 1,000 dọ́là jẹ́ 415,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ìyẹn ni pé kí òṣìṣẹ́ fi oṣù mẹ́tàlá ṣiṣẹ́ láì jẹ ṣíbí gààrí kan, owó rẹ̀ kò tíì ní í pé. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe bú wọn. Ebi ni ajẹ́ńtì àkọ́kọ́. Ọmọ tó ti ṣe kásúà fún ọdún méje, tí fọ́máànù ń lé lọ ní oṣù Kejìlá tí ó sì ń gbà á padà ní oṣù Kìíní kí orúkọ rẹ̀ má bàa wọ ìwé, kí la fẹ́ kó rò bó bá gbọ́ dọ́là?

Láti ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ukraine ń wá ènìyàn fúnra wọn bí ilé-iṣẹ́ ti ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n ń gbé pátákó ńlá sójú títì, wọ́n sì ṣí ọ́fíìsì tí ènìyàn ti lè wọlé béèrè iṣẹ́. Wọ́n ń wá awakọ̀, wọ́n ń wá mẹkáníìkì, wọ́n ń wá alásè, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa darí drone, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n mú ọjọ́ orí ẹni tí òfin lè fi tipátipá kó lọ sójú ogun wálẹ̀ láti 27 sí 25. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n gbé àdéhùn ọdún kan síwájú àwọn ọ̀dọ́ wọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 24, pé àwọn yóò san 1,000,000 hryvnia, tí í ṣe owó wọn, nǹkan bí 24,000 dọ́là.

Àwọn ará wa, Yorùbá ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ilẹ̀ tó ń fi àpò owó ńlá bẹ ọmọ tirẹ̀, tí ogun ń jà lẹ́bàá ilé ìyá rẹ̀, kí ó tó wọṣẹ́ ogun, iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. A kò sọ èyí láti bú wọn. Ẹni tí wọ́n wá bá nílé rẹ̀ tí ó dìde jà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá lọ, kí ó mọ̀ pé ojú ogun lòún ń lọ. Ajẹ́ńtì tó ní ibi ìdáná ni, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jókòó sí gáréèjì?

Ti ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìlú Yelabuga, ní ẹkùn Tatarstan, ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Alabuga. Wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 22 láti ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti ti oúnjẹ fún wọn. Ní ọdún 2024, àwọn oníròyìn tú àṣírí rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bá ara rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe drone ogun, tí wọ́n ń fọwọ́ kan kẹ́míkà tó ń jó ara. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, drone Ukraine wá kọ lu ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì fara pa. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lásán ni wọ́n pe àwọn ọmọ wọ̀nyí, ogun ló sì bá wọn lórí ibùsùn.

Ti àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan láti Zambia wà lẹ́wọ̀n ní Rọ́ṣíà. Wọ́n mú un láti ẹ̀wọ̀n lọ sójú ogun, ó sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé fún àwọn òbí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba South Africa jáde sọ pé ọkùnrin 17 láti ilẹ̀ wọn ránṣẹ́ wálé pé kí wọ́n gba àwọn, pé ìlérí iṣẹ́ tó lówó ló gbé àwọn dé ojú ogun. Ní oṣù yẹn kan náà, mínísítà Ukraine fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, Andrii Sybiha, sọ pé ó kéré tán, ọmọ Áfíríkà 1,436 láti orílẹ̀-èdè 36 ló wà nínú ọmọ ogun Rọ́ṣíà. Ẹnu ọ̀tá ni iye yẹn ti jáde, ṣùgbọ́n South Africa àti Kenya náà ti ké gbàjarè nítorí ọmọ tiwọn.

Ogun ẹlòmíràn kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa ní Ìmágbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ta ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbé ìbọn tọ̀ wá? Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, àwọn Háúsá tí wọ́n kó láti Èkó àti Gold Coast, àtàwọn ọmọ ogun West Indies. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì bá wa ní gbólóhùn asọ̀ kankan.

Aádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ó kan àwọn ọmọ tiwa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1942. Kò bi bàbá, kò bi ìyá. Wọ́n gbé e lọ sí Burma. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ létí odò Kaladan. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan ló ṣẹ́ kù nínú igbó, àwọn ará abúlé ló ń bọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí wọn gbà. Ó padà wálé, ó sì dàgbà, ọdún 2012 ló tó kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí wọ́n jọ lọ kò padà.

Àwọn tó padà ńkọ́? Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tó jà fún Faransé béèrè owó iṣẹ́ wọn, Faransé sì yìnbọn pa wọ́n. Ọgọ́rin ọdún kọjá kí Ààrẹ Faransé tó gbà ní ọdún 2024 pé ìpakúpa ni. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn tó ti Burma dé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún gómìnà nítorí ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Mẹ́ta kú: Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe tán, owó ni wọ́n béèrè. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni?

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé iṣẹ́ òkèèrè wá, ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun tí à ń bi ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nígbà gbogbo.

Èkínní, ta ni ọ̀gá? Bí ìwé kò bá ní orúkọ ilé-iṣẹ́, ibi tó wà àti ọwọ́ ẹni tó sanwó, ìwé kọ́ nìyẹn.

Èkejì, èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Ẹni tó fọwọ́ sí ohun tí kò lè kà ti ta ara rẹ̀ láì mọ iye.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ wo ni yóò parí? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Rọ́ṣíà pàṣẹ pé àdéhùn ológun kò ní í parí títí ìjọba yóò fi kásẹ̀ ìkónijọ fún ogun nílẹ̀. Ọdún kan tí wọ́n kọ sínú ìwé lè di ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá fara pa ńkọ́? Níhìn-ín, bí ẹ̀rọ bá gé ìka òṣìṣẹ́, òfin ọdún 2010 wà, a mọ ọ̀nà ọ́fíìsì NSITF, a sì mọ bí a ti ń bá wọn fà á. Lójú ogun òkèèrè, ta ni aṣojú rẹ? Ukraine ṣèlérí 15,000,000 hryvnia fún ẹbí ẹni tó bá kú, ṣùgbọ́n ẹ ro bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yìí tí yóò máa wá ìwé ẹ̀rí ikú láti Kyiv.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọ̀tá bá mú un? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ àwọn tí Rọ́ṣíà ń tì lẹ́yìn ní Donetsk dá ẹjọ́ ikú fún Gẹ̀ẹ́sì méjì àti ọmọ Morocco kan tí wọ́n bá Ukraine jà, wọ́n ní ológun olówó ni wọ́n. Saudi Arabia ló bá wọn dá sí i tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ta ni yóò bá ọmọ tiwa dá sí i?

Ìgbìmọ̀ wá gbé nǹkan mẹ́rin síwájú ìpàdé yìí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe san owó fún ajẹ́ńtì kí ẹ̀ka tó rí ìwé náà. Kò sí owó tí a ó gbà láti kà á. Kí àwọn awakọ̀ àti kọndọ́kítọ̀ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lẹ irú ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tàbí ògiri gáréèjì. Kí àwọn ìyá ọjà àti àwọn olórí ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí gbọ́ ọ lẹ́nu wa, pàápàá nítorí àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀kẹrin ló le jù: kí ẹ̀ka gbé ọ̀rọ̀ kásúà lọ bá àwọn ọ̀gá ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì san owó oṣù 70,000 náírà tí òfin ọdún 2024 sọ, ó kéré tán. Bí a bá kìlọ̀ fún ọmọ tí a kò sì bá a wá oúnjẹ, afẹ́fẹ́ lásán ni ìkìlọ̀ wa.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó na ọwọ́ sókè nígbà tí Alága bá béèrè. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó dìde sọ ọ́ níhìn-ín, ká gbọ́.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́.