Ta Ni Yóò Bó O? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Irúgbìn Ẹ̀wà



Ẹ̀wà inú kóńgò yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ lú u pọ̀ ni: funfun, pupa, olóyin, kékeré, ńlá. Ìyá tó fẹ́ se gbẹ̀gìrì á ti fojú ṣà á tán kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ẹ̀wà ni èmi náà ń ṣà jẹun, àmọ́ ojú ti tàn mí jẹ rí nínú oko. Bí ẹ bá rí igi ẹ̀wà kan tó so wọ̀ǹtìwọ̀ntì, ó lè jẹ́ àbímọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé orí ààtàn àtijọ́ ló bọ́ sí. Ẹ mú irúgbìn oníààtàn yìí lọ gbìn sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, yóò dójú tì yín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbin irú kan náà sí oko púpọ̀, ní Ìbàdàn níbí àti lókè ọ̀hún lápá Kánò, fún ọdún mélòó kan, kí a tó gbà á gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo àbùdá ló ń tanni bẹ́ẹ̀. Olóhóró ńlá sábà máa ń bí olóhóró ńlá. Ìkórè lápapọ̀ ló ṣòro, nítorí ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń darí rẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì tó nǹkan. Àwọn àbùdá náà tún ń bára wọn jà: oúnjẹ tí ewé ń sè ní ìwọ̀n, bí èso bá pọ̀ jù, hóró á kéré. Àgbẹ̀ ń fẹ́ púpọ̀, ọjà ń fẹ́ ńlá.

Ibo wá ni a ti ń rí ìyàtọ̀ tí a ó ṣà? Ẹ̀wà kì í sábà fẹ́ ará ìta. Akọ àti abo ló jọ ń gbé inú òdòdó kan. Kó tó là ní ìdájí, wọ́n ti gba ara wọn, nígbà tí oòrùn bá sì fi kan àtàrí, òdòdó ti padé. Bí a bá fẹ́ da ìran méjì pọ̀, a ó ṣí òdòdó tí kò tíì là nírọ̀lẹ́, a ó fi ẹ̀mú yọ akọ inú rẹ̀, a ó sì fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó mìíràn kàn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ tí a bá ṣe báyìí ló ń já bọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó má wulẹ̀ dán an wò.

Àká irúgbìn IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, ni kóńgò wa tó tóbi jù. Irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ló wà níbẹ̀. TVu 2027 wà lára wọn, ẹ̀wà tí kòkòrò inú àpò kì í rí jẹ dáadáa: ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò ń kú sínú hóró, àwọn tó kù ń pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Ṣùgbọ́n ìdin Maruca, tó ń lu òdòdó àti èso, wọ́n wá ẹ̀wà tó lè dènà rẹ̀ gidi títí, wọn ò rí. Ìbátan ẹ̀wà inú igbó, Vigna vexillata, ní agbára náà, àmọ́ wọn ò rí i dà pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ni wọ́n bá yá jíìnì lọ́wọ́ bakitéríà inú ilẹ̀, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tó ní jíìnì náà, lọ́dún 2019. Ì bá wù mí kó jẹ́ inú ìran ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni a ti rí i, ṣùgbọ́n ta ló lè ṣa ohun tí kò sí nínú kóńgò?

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ jíìnì ẹ̀wà jáde, láti ara IT97K-499-35, irú ẹ̀wà kan tó jẹ́ ọmọ IITA. Lónìí, a lè yẹ jíìnì inú ewé wò kí igi tó so.

Síbẹ̀, mo gbé ẹ̀wà kan tó so dáadáa fún ìyá alákàrà kan nígbà kan. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi ọwọ́ ra á títí, èèpo kò ṣí. Ó wojú mi: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ni yóò bó o?” Láti ìgbà náà, bí a bá ti wọn ìkórè tán, a máa ń rẹ díẹ̀ sómi.