Kọ̀ǹpútà Olówó Gọbọi àti Àkúnya Iná

Kò sí ẹni tí ó ń gbé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó tí kò mọ igbe kan: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Àwọn ọmọdé ni wọ́n sáábà máa ń ké e nígbà tí iná bá dé lẹ́yìn tí òkùnkùn ti jọba. Ọdún 1972 ni ìjọba dá Nẹ́pà sílẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2005. Nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa iṣẹ́ pípín iná fún ilé àti ọjà lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Nẹ́pà ti lọ, igbe rẹ̀ kò lọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀ yìí gan-an ni ó yẹ kí ẹ̀rù ba ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà olówó gọbọi nínú ilé, nítorí pé ìgbà tí iná bá ń lọ àti ìgbà tí ó bá ń bọ̀ ni ó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí iná lọ, àwọn ará àdúgbò kò pa fíríìjì, kò pa fáànù, kò pa ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga. Bí iná ṣe dé, gbogbo wọn yóò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Iná inú wáyà yóò kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì tún fò sókè kí ó tó balẹ̀. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóltì. Fífò tí ó bá fò kọjá ìwọ̀n yìí lójijì ni à ń pè ní àkúnya níhìn-ín, bí ìgbà tí odò bá kún ya bèbè. Àkúnya lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rárá: bí ènìyàn bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000,000, díẹ̀ nínú àwọn ìpín náà ni ó máa ń lò. Gílóòbù lè má tilẹ̀ ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò dákẹ́ tí kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí ó tó lè rà á, oṣù 18 ni yóò sì fi san án. Bí àkúnya bá wọlé ní oṣù kẹta, oṣù 15 ni ó kù tí yóò fi máa san owó ohun tí kò sí mọ́. Akápò ẹgbẹ́ kò ní béèrè bóyá ẹ̀rọ ti jó. Àwòrán tí àwọn oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé lórí sì wà nínú rẹ̀. Nípa ti àwòrán náà, kò sí ẹ̀rọ adènà kankan tí ó lè gbà á là. Ẹ̀dà mìíràn tí a tọ́jú sí ibòmíràn nìkan ni ó lè ṣe é. Èyí tí ó kàn wá lónìí ni ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Bí ó bá dé ọjà, ọmọkùnrin tí ń tajà yóò fà á lọ́wọ́: "Àǹtí, ẹ mú eléyìí lọ. Kò sí iná tí ó lè rí kọ̀ǹpútà yín gbé ṣe." Ìdáhùn tí ó yẹ ni, "O ṣé, àbúrò mi. Jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀." Nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan náà kọ́ ni ewu iná ń gbà wọlé. Ohun tí ó lè dènà ọ̀kan kì í mọ èkejì rí.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ adènà àkúnya kò ju nǹkan kékeré pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ kan lọ, tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú tí ó ti ara sínkì wá sun nínú iná bí ẹni sun ìkòkò. Fárísítọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Matsushita ní ilẹ̀ Jàpáàn ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà ní ìwọ̀n tirẹ̀, fárísítọ̀ yóò sé bí ògiri. Bí iná bá fò kọjá, yóò ṣí bí ojú àgbàrá, yóò sì da èyí tí ó pọ̀ jù gba wáyà kejì tàbí sínú ilẹ̀ lọ, kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ó gbé gbogbo rẹ̀ mì o. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná 230 fóltì ṣì lè jẹ́ kí nǹkan bí 700 fóltì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá fún ìṣẹ́jú bíńtín náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè fara da ìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ni wọn kò lè fara dà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ún gbọ́ ni pé ẹ̀rọ kékeré yìí ní ìwọ̀n iná tí ó mọ̀ ní iná ilé. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Amẹ́ríkà lè fi tìfẹ́tìfẹ́ ra èyí tí ó dára jù lọ ní ibẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóltì. Fárísítọ̀ inú ẹ̀rọ náà kò sábà fara da ju 130 tàbí 150 fóltì lọ. Bí wọ́n bá ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn, iná tí ó jẹ́ ti ojoojúmọ́ níhìn-ín, àkúnya ni yóò pè é. Yóò ṣí, kò ní rí àyè padé, yóò gbóná, yóò sì jó. Ó tilẹ̀ lè ran aṣọ fèrèsé tí ó wà nítòsí. Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé wọ́n kọ 100 sí 240 fóltì sára ohun tí ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà náà, nítorí náà kọ̀ǹpútà yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Adènà rẹ̀ ni kò ní iná méjì. Èyí tí ó bá ti Ìlú Ọba wá kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀: iná wọn jẹ́ 230 fóltì, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn sì bá ti ibí mu.

Lẹ́yìn fóltì, ó ku iye tí wọ́n fi júùlù kà. Júùlù ni ó ń sọ iye àkúnya tí fárísítọ̀ lè gbà sára kí ó tó gbó. Nítorí pé ó ń gbó. Gbogbo àkúnya tí ó bá gbà ń jẹ nínú ara rẹ̀, títí yóò fi kú láìpariwo. Ẹni tí ó bá ra oníjúùlù 200 ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ kàn ń fi owó ṣòfò. Kí ó wá èyí tí ó lé ní 1,000. Bí wọ́n bá kọ Up sára rẹ̀, iye fóltì tí yóò jẹ́ kí ó kọjá ni: kí ó má ju 1.5 kV lọ, bí ó bá sì kéré sí i, ó dára sí i. Èyí tí wọn kò bá kọ nǹkan kan sí ju pé ó jẹ́ 13 áńpíà, ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n lásán ni, ìbáà ní gílóòbù pupa.

Ewu kejì yàtọ̀ pátápátá, ó sì máa ń wáyé ní àwọn àdúgbò tí òpó iná wọn ti darúgbó. Wáyà mẹ́ta ni ó ń gbé iná jáde láti ìdí tiransifọ́mà, ìkẹrin tí àwọn oníná ń pè ní niútírà sì ni ó ń dá a padà. Bí niútírà bá já, àwọn ilé tí ó wà lórí wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò di ẹni tí ń pín nǹkan bí 400 fóltì láàárín ara wọn, ilé tí ohun tí ó ń tàn níbẹ̀ bá kéré jù ni yóò sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè tó wákàtí kan. Fárísítọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí i ju kí ó jó lọ. Ẹ̀rọ tí ó wúlò níbẹ̀ ni èyí tí ń wo iná, tí yóò já a kúrò pátápátá bí ó bá ga jù tàbí bí ó bá relẹ̀ jù, tí yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá dé kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Dídúró yẹn gan-an ni ìwòsàn igbe àwọn ọmọdé tí a fi bẹ̀rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lò fún fíríìjì wà ní ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lára owó kọ̀ǹpútà.

Sìtẹbiláísà tí ọ̀pọ̀ ilé gbẹ́kẹ̀ lé ń gbé iná tí ó relẹ̀ sókè ni. Ó lọ́ra jù fún àkúnya. UPS ní fárísítọ̀ tirẹ̀ nínú, ó sì ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tọ́jú iṣẹ́ kí ó sì pa kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, wátì ni kí ẹ wò, kì í ṣe VA tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí. Èyí tí wọ́n pè ní 650 VA kì í sábà gbé 400 wátì. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ó dára ni kí ẹ̀rọ tí ń wo iná wà lára ògiri, kí UPS tẹ̀ lé e, kí kọ̀ǹpútà sì wà lẹ́yìn UPS. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n oní-fárísítọ̀ kọ́ ẹ̀yìn UPS. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn nǹkan mìíràn tí kò sí lórí UPS ni ó wà fún.

Gbogbo èyí dá lórí ohun kan tí kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé: wáyà ilẹ̀. Apá kan nínú àkúnya, ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbà lọ. Bí ẹni tí ó kọ́lé kò bá ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, tàbí tí ẹnìkan ti gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, àkúnya náà kò rí ọ̀nà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ pe oníná tí ó mọṣẹ́ kí ó wọn ilẹ̀ náà kí ẹ tó náwó sí adènà. Nígbà tí ó bá sì wà níbẹ̀, ó lè fi adènà ńlá kan sí ojú ibi tí iná ti ń wọ ilé, èyí tí yóò dín agbára àkúnya kù kí ó tó dé yàrá.

Ó ku àrá. Ìwọ̀n 30,000 áńpíà kì í ṣe ohun àrà fún àrá kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó lè dá a dúró bí ó bá sán lu ilé tàbí òpó tí ó sún mọ́ ọn. Àwọn àgbà a máa yọ rédíò kúrò nídìí iná bí òjò bá ti ṣú, àwọn ọmọ wọn a sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ni ó gbà. Kí ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ààrá tó sún mọ́ tòsí, nítorí pé pípa súwíìṣì lásán kò tó. Kí ẹ sì rántí wáyà tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tí ó ti orí òrùlé wá. Ẹni tí ó yọ wáyà iná tí ó fi èyí sílẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé.

Nígbà tí ẹ bá ti ra adènà délé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ yan èyí tí yóò já iná kúrò fúnra rẹ̀ bí fárísítọ̀ inú rẹ̀ bá kú, nítorí àwọn kan wà tí fárísítọ̀ wọn ti kú tipẹ́ tí gílóòbù wọn ṣì ń tàn, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́ lórí wọn láìní ààbò kankan.